Báwo ni a ṣe ń dá àwọn mólékù ńlá inú ara ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn?

Ọmọ-Ìwé-Nọ́ọ̀sì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kìíní ni mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, orí àwọn mólékù ńlá inú ara ènìyàn ni ẹ̀kọ́ wa sì dé báyìí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa kò ṣòro láti kà sórí: ẹbí mẹ́rin ni wọ́n, àwọn náà ni kaboháídíréètì, ọ̀rá, púrótíìnì àti ásíìdì núkíléìkì. Bí ẹ bá jí mi lóru, n ó kà wọ́n fún yín. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí olùkọ́ wa kọ ohun 10 sílẹ̀, tí ó ní kí a sọ ẹbí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá, kí a sì sọ ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mẹ́sàn-án nínú wọn ní orúkọ: glycogen, insulin, cholesterol, haemoglobin, collagen, testosterone, amylase, ATP àti hyaluronan. Ìkẹwàá kò ní orúkọ rárá; ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé “mólékù kan tí ó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn, ṣùgbọ́n tí kò ní imí-ọjọ́ kankan.”

Mẹ́rin péré ni mo gbà. Mo pe insulin àti testosterone ní púrótíìnì nítorí pé họ́mọ̀nù ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan sì já sí àṣìṣe. Mo pe amylase ní kaboháídíréètì nítorí mo mọ̀ pé sítáàṣì ni ó ń bá ṣiṣẹ́ nínú itọ́. Mo fi ojú haemoglobin sílẹ̀ lófìfo, torí pé irin tí wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀ dà mí lọ́kàn rú. Mo gba ti cholesterol, ṣùgbọ́n kì í ṣe òye ni mo fi gbà á: gbogbo ènìyàn ni ó ń pè é ní ọ̀rá, ni mo ṣe kọ ọ̀rá. Nígbà tí mo padà wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, tí mo rí òrùka mẹ́rin tí ó so mọ́ ara wọn, tí n kò sì rí ásíìdì ọ̀rá kankan níbẹ̀, ó wá di pé n kò mọ ìdí tí ohun tí mo gbà fi tọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìdáhùn ohun 10 yìí nìkan ni mo ń wá. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbà ronú nígbà tí ẹ bá pàdé orúkọ tí ẹ kò gbọ́ rí.

Olùkọ́-Kẹ́místírì dáhùn:

O ṣeun tí o kọ àṣìṣe rẹ sílẹ̀ bí ó ti rí, nítorí pé orísun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Iṣẹ́ tí mólékù ń ṣe ni o fi ń wá ẹbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí kò sí nínú iṣẹ́. Inú ohun tí a fi mọ mólékù náà ni ó wà. Họ́mọ̀nù jẹ́ orúkọ iṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìránṣẹ́ lọ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ lè jẹ́ ọmọ ilé èyíkéyìí.

Wo insulin. Ásíìdì amínò 51, ìyẹn àwọn ẹyọ tí a fi ń kọ́ púrótíìnì, ni a so pọ̀ láti ṣe é, ní ẹ̀wọ̀n méjì, ọ̀kan ní 21, èkejì ní 30. Frederick Sanger ni ó tú bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn palẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ náà ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1958. Testosterone ní tirẹ̀ kò ní ásíìdì amínò kan ṣoṣo nínú. Láti inú cholesterol ni ara ti ń ṣe é, òrùka mẹ́rin tí o rí nínú àwòrán cholesterol náà ni ó sì gbé dání. Púrótíìnì ni insulin, ọ̀rá ni testosterone. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán, torí pé ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi ṣe awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, testosterone sì lè la inú rẹ̀ kọjá wọlé lọ jíṣẹ́, ṣùgbọ́n insulin kò rí ọ̀nà wọlé, ìta ni ó ti ń jíṣẹ́ tirẹ̀ fún púrótíìnì mìíràn tí ó dúró lẹ́nu awọ sẹ́ẹ̀lì. Ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò sì ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni a fi ń fún aláìsàn ní insulin, a kì í fún un gbé mì, nítorí pé àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń tú púrótíìnì inú oúnjẹ kò ní bi í léèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ jẹ́ kí wọ́n tó já a sí wẹ́wẹ́.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi ni pé: bí mo bá tú mólékù yìí, kí ni yóò jábọ́ sílẹ̀? Fi ojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Nígbàkúùgbà tí ara bá so ẹyọ kan mọ́ èkejì, mólékù omi kan máa ń jáde níbi ìsopọ̀ náà. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ tú wọn, yóò ní láti dá omi náà padà, èyí tí í ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ nígbà tí ó bá ń dà nínú ikùn. Ẹ̀wọ̀n kan tí ó ní ásíìdì amínò 100 ti yọ omi 99 sílẹ̀ kí ó tó parí. Ọ̀nà ìsopọ̀ yìí kan náà ni ó wà nínú glycogen, nínú collagen àti nínú DNA, tí í ṣe ásíìdì núkíléìkì. Ẹyọ tí a ń sín ni ó yàtọ̀.

Bí o bá tú glycogen, gulukóòsì nìkan ni yóò máa jábọ́ títí tí yóò fi tán, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan. Ohun ìpamọ́ ni, àgbàlagbà tí ó jẹun kánú sì lè ní nǹkan bí gíráàmù 100 rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kí ó tún ní tó ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn nínú ẹran ara. Bí o bá tú collagen, ásíìdì amínò ni yóò jábọ́, oríṣi rẹ̀ tí a fi ń ṣe púrótíìnì sì jẹ́ 20, èyí tí ó mú kí ìtò wọn ní ìtumọ̀: nínú collagen, ẹyọ kẹta kẹta ni glycine máa ń wà, nítorí pé òun ni ó kéré jù, ẹ̀wọ̀n mẹ́ta sì ní láti ráyè lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn. Bí o bá tú DNA, ẹyọ tí yóò jábọ́ jẹ́ ohun mẹ́ta lápapọ̀: ṣúgà kan, fọ́sífétì kan, àti ọ̀kan nínú àwọn béèsì mẹ́rin tí à ń fi A, T, G àti C pè. Nínú RNA, tí òun náà jẹ́ ásíìdì núkíléìkì, U ni ó gba ipò T, ṣúgà rẹ̀ sì fi ọ́síjìn kan ju ti DNA lọ.

Ọ̀rá ni kò bá wọn tò. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ tí ń tẹ̀lé ẹyọ. Ọ̀rá ìpamọ́ jẹ́ glycerol kan tí ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta so mọ́, ó parí síbẹ̀. Bí a bá fi átọ́ọ̀mù háídírójìn kan ṣe òṣùwọ̀n, irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900, cholesterol kò tó 400, nígbà tí haemoglobin fi díẹ̀ kọjá 64,000. Bí a bá di ọ̀rọ̀ náà mú bí Hermann Staudinger ará Jámánì ṣe gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ìyẹn àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí átọ́ọ̀mù wọn so mọ́ra ní tòótọ́, ọ̀rá kì í ṣe mólékù ńlá rárá. Àwọn tí ó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ ni ó kó o mọ́ wọn nítorí pé ara kò lè ṣe láìní i. Èmi a máa pè é ní àlejò nínú ẹbí náà. Ohun tí ó sọ ohun kan di ọ̀rá kì í ṣe ẹyọ tí a fi ṣe é bí kò ṣe ìwà rẹ̀ sí omi: kò fẹ́ràn omi, omi kò sì lè yọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí cholesterol fi jẹ́ ọ̀rá láìní ásíìdì ọ̀rá kankan nínú.

Ìparí orúkọ náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Èyí tí ó bá parí sí “-ose” sábà máa ń jẹ́ ṣúgà, èyí tí ó bá parí sí “-ase” jẹ́ ẹ́ńsáìmù, a sì fi ohun tí ó ń tú tàbí tí ó ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Amylase ń tú sítáàṣì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe sítáàṣì, gẹ́gẹ́ bí agégi kì í ti í ṣe igi.

Ayẹ̀jẹ̀wò dáhùn:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tiwa, mólékù kì í gbé orúkọ rẹ̀ kọ́rùn wá. Omi tí kò ní àwọ̀ nínú ìgò ni a máa ń rí, kò sì sí bí a ṣe lè bi í pé kí ni yóò jábọ́ bí a bá tú u. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí ó wà nínú rẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn wà nínú ẹbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà rírí wọn kò sọ nǹkan kan fún wa. Ìwọ̀n wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi gulukóòsì wé ọ̀rá kan tí ó wọ́pọ̀, tristearin. Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kò sí èyí tí ó ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù 6 ni ó wà nínú gulukóòsì, 57 sì ni ó wà nínú tristearin, pẹ̀lú háídírójìn 110. Ohun tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré báyìí ṣì ní ohun púpọ̀ tí yóò jó, ìdí sì nìyẹn tí gíráàmù ọ̀rá kan fi ń fún ara ní nǹkan bí kilokálórì 9, nígbà tí gíráàmù kaboháídíréètì tàbí ti púrótíìnì ń fún un ní nǹkan bí 4.

Púrótíìnì ní náítírójìn nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn sì ní imí-ọjọ́, nítorí pé méjì nínú àwọn ásíìdì amínò 20 náà, cysteine àti methionine, ní i. Ásíìdì núkíléìkì ní náítírójìn pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kò sì sí imí-ọjọ́ nínú àwọn ẹyọ mẹ́rin tí a fi ń kọ́ ọ. Ohun tí olùkọ́ yín ń wò nìyẹn nígbà tí ó kọ ìkẹwàá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ kékeré yìí ti yanjú ọ̀rọ̀ ńlá. Ní 1869, Friedrich Miescher ń ṣiṣẹ́ ní Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, ó ń fọ ọyún kúrò lára báńdéèjì àwọn aláìsàn kí ó lè rí sẹ́ẹ̀lì funfun kó jọ. Ohun kan jáde láti inú kókó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tí pepsin, ẹ́ńsáìmù tí ń tú púrótíìnì nínú ikùn, kò lè tú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó pè é ní nuclein. DNA ni ó ti rí láìmọ̀ ohun tí yóò dà lọ́la. Ní 1952, Alfred Hershey àti Martha Chase fẹ́ mọ̀ bóyá púrótíìnì ni fáírọ́ọ̀sì kan ń kó wọ inú bakitéríà láti fi bí irú ara rẹ̀ ni, tàbí DNA. Wọ́n fi imí-ọjọ́ tí ń tan ìtànṣán sàmì sí púrótíìnì, wọ́n fi irú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ sàmì sí DNA, nítorí wọ́n mọ̀ pé èkíní kò sí nínú DNA, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú púrótíìnì fáírọ́ọ̀sì náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ imí-ọjọ́ dúró síta, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó wọlé.

Ní ti àyẹ̀wò orí tábìlì, ẹ ó pàdé wọn láìpẹ́, ibi tí wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ nìkan ni n ó sọ. Áyódínì máa ń sọ sítáàṣì di dúdú bí aró, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á sí glycogen, pupa rúsúrúsú ni ẹ ó rí, nítorí pé ẹ̀ka glycogen pọ̀ jù, wọn kò sì gùn tó láti lọ́ yí áyódínì ká bí ti sítáàṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń retí dúdú yóò ní kò sí kaboháídíréètì níbẹ̀. Omi Benedict, tí ó jẹ́ búlúù, máa ń di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà àwọ̀ ìyeyè, títí dé pupa bíi bíríkì bí a bá gbé e gbóná pẹ̀lú gulukóòsì. Àmọ́ ṣúgà tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nìkan ni ó ń dá a lóhùn, nítorí náà sucrose kò ní yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni glycogen gan-an kò ní fi nǹkan kan hàn àfi tí a bá kọ́kọ́ fi ásíìdì tú u.

Biuret, omi tí a fi ń wá púrótíìnì, ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bàbà tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń di mọ́ náítírójìn ibi ìsopọ̀ àwọn ásíìdì amínò, tí omi náà yóò sì di elésè àlùkò. Ibi ìsopọ̀ ni ó ń rí, kì í ṣe ásíìdì amínò fúnra rẹ̀, nítorí náà ásíìdì amínò tí ó dá wà kò ní mú àwọ̀ náà jáde. Ẹ rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè Olùkọ́ ni èyí, àwọ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Fún ọ̀rá, a óò fi ọtí ethanol yọ́ ọ, a óò da á sínú omi, omi náà yóò sì funfun bíi wàrà. Fún DNA, àwọn kan ṣì ń lo diphenylamine, tí ń di búlúù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni a sábà ń lò nísinsìnyí: ásíìdì núkíléìkì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù ní nánómítà 260, púrótíìnì ní 280.

Ò-Wádìí-Dójú-Àmì dáhùn:

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ da omi díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ayẹ̀jẹ̀wò. Ohun tí wọ́n sọ tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà pé “náítírójìn wà níbẹ̀, púrótíìnì ni” yóò kọsẹ̀ lórí hyaluronan tí ó wà nínú ìbéèrè yìí gan-an. Hyaluronan ni ó ń jẹ́ kí omi inú oríkèé wa máa yọ̀, ó sì pọ̀ nínú ojú àti awọ ara. Ṣúgà méjì ni ó ń tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan nínú méjèèjì sì gbé náítírójìn dání. Kaboháídíréètì ni síbẹ̀. Heparin, tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní náítírójìn, ó ní imí-ọjọ́ púpọ̀, orúkọ rẹ̀ sì parí bíi ti insulin àti albumin tí wọ́n jẹ́ púrótíìnì, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ṣúgà ni.

Ní ti ìkẹwàá, mo rò pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ń jò. Phosphatidylcholine, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá tí ó wọ́pọ̀ jù nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan àti náítírójìn kan, kò sì ní imí-ọjọ́. Gbogbo ohun tí olùkọ́ yín kọ ni ó bá a mu. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì ni ẹ ń wá, ẹ kọ ásíìdì núkíléìkì. Bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni, ẹ kọ méjèèjì kí ẹ sì sọ pé ó yẹ kí ó fi ṣúgà kún àlàyé rẹ̀.

Ohun kan tún kù. Olùkọ́ kò sọ pé gbogbo ẹ́ńsáìmù ni púrótíìnì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé sọ bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Thomas Cech àti Sidney Altman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989 nítorí pé wọ́n fi hàn pé RNA náà lè ṣe iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, ibi tí ara sì ti ń so ásíìdì amínò pọ̀ di púrótíìnì, tí à ń pè ní ribosome, RNA ni ó ń ṣe ìsopọ̀ náà níbẹ̀. Èyí tún gbe ohun tí Olùkọ́ sọ lẹ́yìn pé iṣẹ́ kì í fi ẹbí hàn.

Ọmọ-Ìwé-Nọ́ọ̀sì kọ padà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ mi. Mo jókòó ti ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ni yóò jábọ́. Amylase di púrótíìnì, hyaluronan di kaboháídíréètì, testosterone lọ bá cholesterol, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí wọn. Méjì ni ó ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá tú haemoglobin, ásíìdì amínò yóò jábọ́, ṣùgbọ́n ohun kan tí ó ní irin nínú yóò jábọ́ pẹ̀lú wọn, n kò sì mọ ibi tí n ó kà á sí. Ní ti ATP, mo rí béèsì, ṣúgà àti fọ́sífétì nínú rẹ̀, mo sì ti kọ ásíìdì núkíléìkì síwájú rẹ̀. Ṣé ó tọ̀nà?

Ohun kẹta kò sí nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wa. Mo máa ń rí LDL lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹbí wo ni a lè fi í sí?

Olùkọ́-Kẹ́místírì dáhùn:

O ti ń ronú bí ó ti yẹ báyìí. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni haemoglobin ní, méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ásíìdì amínò 141, méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 146, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 574. Ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan gbé heme kan sí àyà, àárín heme náà sì ni irin wà, níbi tí ọ́síjìn ti ń dì í mú. Heme kì í ṣe ásíìdì amínò, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ kò tó ìdá kan nínú 20 ìwúwo haemoglobin. Púrótíìnì tí ó ní olùrànlọ́wọ́ ni a ń pè é, kò kúrò nínú ẹbí nítorí olùrànlọ́wọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí irin mẹ́rin wọ̀nyẹn kò lè gbé ọ́síjìn kankan.

ATP kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ sún mọ́ òótọ́ gan-an. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni, kò tíì sí lórí okùn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kọ RNA, ATP yóò ju fọ́sífétì méjì nínú mẹ́ta tí ó ní nù, yóò sì bọ́ sórí okùn gẹ́gẹ́ bí A. Ìgbà yẹn ni ó di apá kan ásíìdì núkíléìkì. Kí ó tó dé ibẹ̀, mólékù kékeré ni, bí gulukóòsì ṣe jẹ́ mólékù kékeré títí a ó fi so ó mọ́ glycogen. Mo fura pé ṣe ni olùkọ́ rẹ mọ̀ọ́mọ̀ dẹ pàkúté síbẹ̀. Mo fi ti LDL sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń rí i lójoojúmọ́.

Ayẹ̀jẹ̀wò dáhùn:

Mo gba àtúnṣe lórí náítírójìn, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. LDL kì í ṣe mólékù kan, ẹrù tí a dì ni. Ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹ̀dọ̀ ṣe ń dì í: àwọn cholesterol tí ásíìdì ọ̀rá ti so mọ́ wà láàárín pẹ̀lú ọ̀rá ìpamọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rá onífọ́sífétì yí wọn ká, wọ́n kọ ojú tí ó fẹ́ràn omi síta, púrótíìnì ńlá kan ṣoṣo tí ó ní ásíìdì amínò 4,536 sì wé mọ́ gbogbo rẹ̀ bí ọ̀já. Iye tí ẹ ń rí lórí ìwé náà jẹ́ ti cholesterol tí ó wà nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù náà lápapọ̀. Nítorí náà, ẹbí méjì ni ó jọ kọ́ ọ, kò sì yẹ kí a fi ipá tì í sínú ọ̀kan.

Irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lójú sẹ́ẹ̀lì pupa yín pẹ̀lú. Ẹ̀ka ṣúgà kéékèèké ni ó yọ jáde lára púrótíìnì àti ọ̀rá tí ó wà níbẹ̀, ṣúgà tí ó sì wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀ka náà ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ́ A tàbí B. Ti B jẹ́ galactose. Ti A jẹ́ irú galactose kan náà tí a fi náítírójìn kún. Ẹ̀jẹ̀ O kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì níbẹ̀. Ohun tí ó mú kí a má lè fi ẹ̀jẹ̀ A fún ẹlẹ́jẹ̀ B kò ju ẹyọ ṣúgà kan yìí lọ, àwọn púrótíìnì tí ń gbógun ti àjèjì nínú ẹ̀jẹ̀ sì ń rí ìyàtọ̀ náà kedere. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti dàgbà tán, ẹ má wá a: ó ti ju kókó rẹ̀ nù kí haemoglobin lè ráyè. DNA tí à ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀, ti sẹ́ẹ̀lì funfun ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà ayé Miescher.

Ọmọ-Ìwé-Nọ́ọ̀sì kọ padà:

Ó ti yé mi. Mo ti pa ìdáhùn tí mo kọ síwájú ATP rẹ́, mo kọ “ẹyọ kan, kì í ṣe mólékù ńlá” rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn méjì ni mo kọ sí ìkẹwàá, DNA àti phosphatidylcholine, mo sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa láti bi í léèrè èyí tí ó ní lọ́kàn.